Ọkọ Mi Gbajúmọ̀, Páálí Kọ́ Ló Ń Yí Ẹ́ńjìnnì

Ọkọ mi Gbajúmọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n tètè dìde, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kò ṣeé sọ lórí ìkúnlẹ̀.

Gbogbo ẹbí ló gbọ́ ohun tí ẹ sọ níbi ìkómọjáde tó kọjá. Ẹ gbá tábìlì, ẹ ní títí ayé, páàtì tí kò bá ní àmì Porsche lára kò ní wọnú Boxster yín. Ẹ ní ẹni tó bá ra ọkọ̀ Jámánì tó wá ń fi gbàrọgùdù tún un ṣe, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló yẹ kí olúwarẹ̀ lọ rà. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Bàbá wa àgbà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Boxster àti bọ́lẹ̀kájà náà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo dákẹ́, ẹ sì rí i, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ìyàwó, ìwọ tí o ń ta sípíà ní Géètì, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ìyàwó ilé kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ láwùjọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síta, ìta náà ni mo ti wá dá yín lóhùn. Kí ẹ má sì ní ọjà ara mi ni mò ń polówó: ti Toyota àti ti Nissan ni mò ń tà. Kò sí ohun tó lè wọ Boxster yín lórí àtẹ mi, àfi bóyá gíríìsì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "ọkọ̀ Jámánì" yẹn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáàsì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹ kà á dé orí ìkọkànlá. Bó bá jẹ́ S lẹ rí níbẹ̀, Stuttgart ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ U, Uusikaupunki ni, ìlú kan ní Finland, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Valmet tí Porsche gbé iṣẹ́ fún ní ọdún 1997. Mo ti lọ wo tiyín nígbà tí ẹ lọ bu ẹran sí i. U ni.

Ẹ má bínú. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ àwọn ará Finland. Ṣùgbọ́n Porsche fúnra rẹ̀ kò rí ohun tó burú nínú kí ẹlòmíràn bá òun to odindi ọkọ̀, ẹ̀yin wá ń ní fílítà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Porsche.

Ta lẹ tilẹ̀ rò pé ó ń ṣe àwọn páàtì wọ̀nyẹn? Kò sí àgbẹ̀dẹ kan ní Stuttgart tó jókòó ti iná tó ń rọ bíréèkì Boxster. Brembo, ará Ítálì, ló ṣe kálípà rẹ̀. Sachs ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì, Mahle ń ṣe fílítà ọ́ìlì. Wọ́n kó o fún Porsche, Porsche dì í sínú páálí tirẹ̀, ó lẹ àmì ẹṣin mọ́ ọn, owó rẹ̀ sì fò sókè. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà wà nínú páálí Sachs àti páálí Mahle lórí àtẹ ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn ẹ ó tilẹ̀ rí ojú ibi tí wọ́n ti họ àmì Porsche kúrò lára irin kí wọ́n tó tà á lórúkọ ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní olè ló họ ọ́. Kì í ṣe olè o, ẹni tó ṣe é gan-an ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi í sínú òfin ní ọdún 2002 pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dí ẹni tó ń bá a ṣe páàtì lọ́wọ́ láti fi orúkọ ara rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí kò ní kí gbogbo ohun tí Sachs bá tà bá ti Porsche dọ́gba. Ilé iṣẹ́ kan lè ṣe oríṣi méjì, kí ó ta ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ èyí tó dáa, kí ó ta ìkejì fún ẹni tó fẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara páàtì lẹ ó fi wéra. Ọmọ iṣẹ́ mi tí kò tíì gba òmìnira mọ ìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín báyìí: "Ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi dán ọkọ̀ náà wò kó tó jáde." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bíárìn tí ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ lójú yín.

Nínú ẹ́ńjìnnì Boxster, ọ̀pá kan wà tó ń gba agbára lára kíránkì, tó sì ń fi ṣéènì gbé e lọ fún àwọn kámù tó ń ṣí fáàfù tó sì ń pa á dé. Bíárìn kan ló gbé ìdí ọ̀pá yìí dúró. Wọ́n ti rọ gíríìsì sínú bíárìn náà láti ilé iṣẹ́, wọ́n fi rọ́bà dí i lẹ́nu, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn mọ́. Inú ẹ́ńjìnnì tó kún fún ọ́ìlì ni wọ́n wá gbé e sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, rọ́bà gbó, ọ́ìlì gbígbóná yọ́ wọlé, ó fọ gíríìsì jáde, síbẹ̀ ọ́ìlì tó ń wọlé kò tó èyí tí irin lè fi yọ̀. Irin wá ń họ irin. Ọjọ́ tó bá fọ́, ọ̀pá á yẹ̀, ṣéènì á fò, fáàfù àti písítìnì á pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká rọra wà á délé". Ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn.

Ojúlówó sì ni bíárìn yìí. Kò sí èyí tó lè jù ú lọ ní ojúlówó: Porsche ló yàn án, Porsche ló fi í síbẹ̀. Àwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, wọ́n sì parí ìjà náà ní ọdún 2013 fún àwọn Boxster àti Porsche 911 ti ọdún 2001 sí 2005 tó lo irú rẹ̀ tí ọmọ inú rẹ̀ tò sí ìlà kan ṣoṣo. Ọdún mélòó ni tiyín? 2002. Mo ka ìyẹn náà lọ́jọ́ ìkómọ.

Ibi tó ti wá dùn mọ́ mi jù ni pé Porsche kì í ta bíárìn náà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbé àpò owó lọ bá wọn, wọn á ní kí ẹ ra ọ̀pá rẹ̀ lódindi, tàbí kí ẹ kúkú ra ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará ìta ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. LN Engineering, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, ṣe bíárìn tí ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ séráámíìkì dípò irin. Wọ́n tún ṣe òmíràn tí kò lọ́mọ nínú rárá, tó ń gba ọ́ìlì tútù tààrà láti ara ẹ́ńjìnnì, tí ọ́ìlì náà sì ń gbé ọ̀pá lé ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ búra pé àmì Porsche gbọ́dọ̀ wà lára ohun gbogbo, èwo lẹ máa fi rọ́pò ti inú ọkọ̀ yín? Irú èyí tí wọ́n torí ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́?

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kú. Ọ̀pọ̀ ló wà tí wọ́n ń sáré kiri títí di òní láìsí ìpalára kankan, kò sì sí babaláwo tó lè sọ èyí tí tiyín máa jẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì fún yín, ẹ ní kí wọ́n la fílítà àtijọ́ wò lójú yín. Bí nǹkan bá ń dán yinrinyinrin láàárín ìṣẹ́po rẹ̀, ẹ pa ọkọ̀ náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tilẹ̀ tó dé ibẹ̀: gíábọ́ọ̀sì àti kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè kan bíárìn yẹn, kílọ́ọ̀ṣì yín sì ti ń yọ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbé mi gun òkè Màpó, àwa méjèèjì la gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ ní àwọn tó ń sun pòǹmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ni. Owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣe kílọ́ọ̀ṣì àti bíárìn pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ dúró ná, ẹ má rò pé mo ti di ọ̀tá páálí Porsche. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù omi ń bọ̀, yóò sì gbè yín.

Abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù omi ti ilé iṣẹ́ jẹ́ ike. Ike, lára ọkọ̀ olówó gegere! Bó bá pẹ́, á kán, èérún rẹ̀ á sì tú ká inú àwọn ihò omi ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì tó bá rí i á mi orí, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi onírin sí i, onírin ló lágbára." Ó dùn gbọ́. Pọ́ǹpù onírin sì wà lọ́jà, ará ìta ló ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tiyín, abẹ̀bẹ̀ náà ń yí nínú kòtò tó wà lára búlọ́ọ̀kù gan-an, àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí bíárìn pọ́ǹpù bá jẹ, tí abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbò, ike á fọ́, irin á máa jẹ búlọ́ọ̀kù. Ike yẹn kì í ṣe ìwà ahun, ó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kú. Níbí, ti ilé ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kán, kí ẹ má dúró de òru lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Bíárìn, ti ìta sàn ju ti ilé. Pọ́ǹpù, ti ilé sàn ju ti ìta. Fílítà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìbúra tí ẹ fi gbá tábìlì lọ́jọ́sí, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá mu? Nígbà tí oníbàárà bá dúró lójú àtẹ mi tí kò mọ èyí tí yóò mú, n kì í béèrè orúkọ tó fẹ́ lára páálí. Mo máa ń bi í pé, "Bí èyí bá kú lójú ọ̀nà, kí ni yóò kú tẹ̀ lé e?" Bí òun nìkan ni yóò kú, ra èyí tí agbára rẹ ká. Sípíkà, bọ́tìnnì fèrèsé, kápẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Bó bá lè mú ẹ́ńjìnnì dání, tàbí ènìyàn, kí o tú àpò rẹ sílẹ̀, kí o wádìí èyí tó dáa jù, ẹni yòówù kó ṣe é.

Fèrèsé ẹ̀yìn ńkọ́? Boxster tí ó ṣáájú ti ọdún 2003, ike ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ẹ̀yìn lára òrùlé aṣọ rẹ̀. Oòrùn Ìbàdàn ti sọ tiyín di omi ògì bàbà. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn rìn, àánú Ọlọ́run lẹ fi ń ríran. Àwọn ará ìta ń ṣe òrùlé tó ní gíláàsì, Porsche pàápàá sì bọ́ sí gíláàsì ní ọdún 2003. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ike.

Mo tún ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú yín. Ẹ ra ìdérí wíìlì mẹ́rin, alámì ẹṣin, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Mo fẹ fọ́tò náà lójú. Ìdérí ń dán, ó wù mí. Táyà tó yí i ká ti pá. Ẹ gbọ́ o: táyà nìkan ni ohun tó kan ilẹ̀ lára ọkọ̀ yẹn, kò sì sí táyà kankan lágbàáyé tí Porsche ṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yẹ táyà Michelin tàbí ti Pirelli wò, èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà N àti nọ́ńbà kan mọ́ ọn lára, N0, N1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ni orúkọ tí ẹ ń fi búra mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo tilẹ̀ fi gbé kálámù gan-an rèé. Irú ẹni bíi tiyín, tó ní àmì nìkan lòun ń wò, òun ni àwọn oníṣẹ́ ayédèrú ń gbàdúrà fún láàárọ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọjà rẹ̀ ní orúkọ tó lè bàjẹ́. Ẹni tó tẹ orúkọ Porsche mọ́ ohun tí Porsche kò rí rí, kí ni ó ní tó lè pàdánù? Páálí sì ni ohun tó rọrùn jù láti yí. Àwa tí a wà lọ́jà mọ̀ pé páálí òfìfo níye tirẹ̀, ẹni tó ń rà á kì í sì í fi dáná. Ẹ gbé páàtì náà lọ́wọ́, ẹ mọ bó ti wúwo sí. Ẹ fi ìka yí etí rẹ̀ ká bóyá wọ́n fá a dáadáa. Ẹ wo nọ́ńbà bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin ni tàbí wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wọ́n síra wọn. Ẹni tó bá bínú pé ẹ ń fi wọ́n síra, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ẹ fẹ́ràn láti máa sọ pé tòkunbọ̀ náà jẹ́ ojúlówó, torí pé ara Porsche ni wọ́n ti tú u. Òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn dé àyè kan. Bó bá ti jẹ́ ilẹ̀kùn, ìjókòó tàbí iná iwájú, tòkunbọ̀ ni kí ẹ wá. Irú Boxster tiyín àti 911 tó jáde ní ọdún 1997 jọ pín ilẹ̀kùn, bónẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú, èyí ló sì bí àwọn olówó 911 nínú nígbà náà. Ẹ lè rí tiyín lára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n rọ́bà kò mọ̀ pé òun jẹ́ ojúlówó. Ó ń gbó lára ọkọ̀, ó ń gbó lórí pẹpẹ. Họ́ọ̀sì omi tòkunbọ̀, séálì tòkunbọ̀, ọjọ́ orí ẹlòmíràn lẹ ń fowó rà.

Kí ẹ má wá sọ fún mi pé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró bí wọ́n ti bí i torí pé yóò di ohun ìṣúra lọ́la. Bó bá jẹ́ Carrera RS 2.7 ti ọdún 1973, tí wọ́n ṣe 1,580 péré, n ó ní kí ẹ tọ́jú gbogbo bọ́ọ̀tì ara rẹ̀, àti èyí tó ti dípẹtà. Bó bá jẹ́ 959, tí Porsche ní òun ṣe 292, ilé iṣẹ́ náà gan-an ni yóò bá yín wá a: ní ọdún 2018 wọ́n kéde pé àwọn ti ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ àwọn páàtì tí kò sí mọ́, ọ̀pá tó ń tú kílọ́ọ̀ṣì 959 sílẹ̀ sì wà lára wọn. Àwọn tó ra ìyẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá tábìlì. Irú Boxster tiyín tí wọ́n ṣe lé ní 160,000. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ohunkóhun tó dáa tí ẹ bá tú kúrò lára rẹ̀, ẹ dì í, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́la á rí i. Ní báyìí, ẹ̀yin lẹ ń wà á, ẹ̀mí yín sì ni mò ń rò.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, ẹ ra táyà. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún kílọ́ọ̀ṣì àti bíárìn. Mẹkáníìkì tí ẹ bá mú, ẹ bi í bóyá ó ti tú ẹ́ńjìnnì Boxster rí, ẹ má bi í bóyá ó ti tú "ọkọ̀ Jámánì" rí, torí kò sí ẹni tí kò tíì tú Volkswagen. Ẹ fi orúkọ páàtì tó bá kọ fún yín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó. N kò ní gba ìdá kankan níbẹ̀, àfi ìgbín níbi ìkómọ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kí yín. Wọ́n tún ní kí n rán yín létí pé owó tí ẹ yá lọ́wọ́ wọn, èyí tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi ra táyà, àwọn ti rí ohun tí ẹ fi rà lórí WhatsApp.

Èmi ni,
Ìyàwó yín ní Géètì.